Bàbá Aláago àti Oògùn Ojú Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni Bàbá Aláago. Aago ló ń tún ṣe, ó sì ti ń ṣe é láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá títí di ìsinsìnyí tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan: mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń tojú sú mi. Méjèèjì ni mo máa kọ síbí, torí bí mo bá yọ ọ̀kan kúrò, ẹni tí mo ń kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe òun mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dún gbì gbì lókè orí Bàbá, eruku díẹ̀ á sì já bọ́. Nítorí eruku yìí ló ṣe máa ń fi ife onígíláàsì bo gbogbo ohun tó bá tú sílẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tábìlì rẹ̀ sì kọjú sí i. Lórí tábìlì náà, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó wà níbẹ̀: ẹ̀mú tín-ín-rín mẹ́rin, sukurudiráfà méje tó tò láti orí èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù, àti awò dúdú kékeré kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, èyí tó máa ń há sí ojú ọ̀tún. Awò yẹn kò ní okùn, kò sì ní apá. Ẹran ojú ló fi ń gbá a mú. Ó lè há a sójú kó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó rẹ́rìn-ín, kó tún bú ẹni tó ń wọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn, awò náà kò ní já bọ́.

Lára ògiri, pátákó gígùn kan wà tó kan ìṣó mọ́. "Ilé Ẹjọ́" ló ń pè é. Aago ńlá kan wà lókè rẹ̀, èyí tó sọ ní "Adájọ́". Aago èyíkéyìí tó bá tún ṣe, ó dìgbà tó bá so kọ́ sí Ilé Ẹjọ́ fún ọjọ́ méje kó tó lè jáde. Ní àràárọ̀, Bàbá á fi í wé Adájọ́, á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣẹ́jú àáyá tó fi sáré tàbí tó fi pẹ́ sábẹ́ ìṣó rẹ̀. Adájọ́ fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́: gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Bàbá ń fi í wé aago orí rédíò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ń rìnrìn àjò lọ́la," ni oníbàárà á wí.

"Kí Ọlọ́run mú ọ lọ, kó mú ọ bọ̀. Aago rẹ ò tíì gba ìdáǹdè."

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìdán an wò. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní ọdún tó kọjá kò yé mi rárá, inú rẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè fẹ́ràn ẹnì kan kó sì wù ú láti ké mọ́ ọn.

Ojú rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ìyá mi ló fipá mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, torí pé ó ti ń dàgbà, ojú sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní omi inú ojú rẹ̀ ń ti ojú láti inú ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í dunni, nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pa ìríran láti ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń rọra pa aṣọ fèrèsé dé, tí èèyàn ò sì ní mọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù. Wọ́n wọn agbára tí omi náà fi ń ti ojú, wọ́n kọ méjìdínlọ́gbọ̀n sórí káàdì rẹ̀, wọ́n ní kò yẹ kó kọjá mọ́kànlélógún. Wọ́n fún un ní oògùn ìgò kékeré kan pé kó máa kán an sí ojú méjèèjì láràárọ̀. Nígbà tó padà lọ, ó ti di mẹ́tàdínlógún. Gbogbo wa yọ̀.

Ìgbà náà ni télọ̀ gbé fóònù rẹ̀ dé.

Télọ̀ yìí ni ọ̀rẹ́ Bàbá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Bàbá, ó sì ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń bú ara wọn láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé pẹ̀lú ìwọ̀n ìránṣọ lọ́rùn.

"Aláago, gbọ́ nǹkan. Má wulẹ̀ sọ̀rọ̀, kàn gbọ́."

Ohùn ọkùnrin kan ló jáde nínú fóònù náà. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: "Dókítà ni mí o, mi ò lè dárúkọ ara mi. Oògùn tí wọ́n ní kí ẹ máa kán sójú, yíyọ́ ló ń yọ́ ẹyinjú yín. Ẹ rò ó wò. Bí ẹ bá kán an, ṣé kì í ta yín? Ṣé ojú yín kì í ṣú? Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá."

Bàbá ní kó tún gbé e sí i. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rín ló máa fi í rín tó bá dé ilé.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí ìyá mi tó lọ wá rọ́bà nínú àpótí Bàbá, tó sì bá ìgò oògùn mẹ́ta níbẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n ṣí nínú wọn.

"Bọ̀dá! Kí lèyí?"

"Oògùn ni."

"Mo mọ̀ pé oògùn ni. Kí ló ń ṣe nínú àpótí?"

"Bó bá wà níbẹ̀, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára."

Bàbá sọ ọ̀rọ̀ dókítà orí fóònù fún un. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí, mi ò bù mọ́ ọn:

"Ta ni dókítà náà?"

"Kò lè dárúkọ."

"Kí ló dé tí kò lè dárúkọ?"

"Wọ́n á pa á."

"Ta ni yóò pa á, Bọ̀dá?"

"Àwọn náà ni."

"Àwọn wo?"

"Ṣé o rí i? Ìwọ náà ò mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n ṣe gbọ́n tó nìyẹn."

Ìyá mi di orí mú. Ó ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, Bọ̀dá! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù." Bàbá mirí, ó ní, "Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Òkèèrè ni mo ti wò ó tí mo fi jáwọ́." Òwe kan náà, àwọn méjèèjì sì fi ń na ara wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, ariwo ò tán. Ìyá mi ké, ó bẹ̀bẹ̀, ó tún ké. Ó pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù kí nọ́ọ̀sì náà lè bá wa ké. Ó sọ fún télọ̀ pé bí Bàbá bá fọ́jú, òun ni yóò máa fà á lọ́wọ́ kiri. Télọ̀ fèsì pé òun ò ṣe nǹkan kan, òun kàn fi ránṣẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń pariwo tó ni Bàbá ń le tó, bí amọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn.

Èmi kì í lè pariwo. Mo wá rò pé mo gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Mo lọ sí yàrá ìkàwé, mo ka ìwé nípa ojú fún ọjọ́ méjì, mo kọ kókó mẹ́sàn-án sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọwọ́ mi tó dára jù, mo fi rúlà fa ilà sábẹ́ èyí tó ṣe pàtàkì. Mo gbé e fún Bàbá. Ó há awò sójú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Jẹ́jẹ́," ó ní, torí ohun tó ń pè mí nìyẹn, "ìwé ọwọ́ rẹ gún régé."

Ó wá ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ kan tó kúrú. Tábìlì náà kò mì mọ́ títí di òní. Gbogbo ìwúlò kókó mẹ́sàn-án mi nìyẹn.

Ó bí mi nínú débi pé mi ò dé ṣọ́ọ̀bù náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo padà, mi ò sọ̀rọ̀ ojú mọ́. Mo kàn ń jókòó sórí àpótí, mo ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí oníbúrẹ́dì wọlé.

Ọkùnrin gíga kan ni. Ó bọ́ aago rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé òkú kalẹ̀.

"Bàbá, ó tún ti kú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ni. Wọ́n ní iná mànàmáná wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, pé òun ló ń pa aago."

Mo dúró kí Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìjókòó fún un.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ wo lo fi ń wọ̀ ọ́?"

"Ọ̀tún ni."

"Ìgbà wo ló máa ń dákẹ́?"

"Láàárọ̀, bí mo bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Lójoojúmọ́?"

Oníbúrẹ́dì ronú. "Kì í dákẹ́ ní ọjọ́ Àìkú."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ máa ń lọ sinmi ní ọjọ́ Àìkú ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Kí lo kì í ṣe ní ọjọ́ Àìkú?" Bàbá bi í.

"N kì í po ìyẹ̀fun."

Bàbá ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó há awò sójú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìyẹ̀fun funfun fò jáde sínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Iná inú ẹ̀jẹ̀ rẹ rèé," ó ní. "Bọ́ ọ sápò kó o tó po ìyẹ̀fun. Padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje." Kò pe ọkùnrin náà ní òpè. Oníbúrẹ́dì jáde, ó ń yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò bí ẹni pé ọwọ́ tuntun ni.

Èmi wá jókòó síbẹ̀, mo ń bi ara mi. Ṣé ọkùnrin tó ní sùúrù tó báyìí fún aago àjèjì ni kò lè gbọ́rọ̀ nípa ojú ara rẹ̀? Mo fẹ́ dìde kí n máa lọ sílé. Mo ti kó ìwé mi sínú àpò tán kí n tó rí ohun kan tó tì mí lójú. Ìbéèrè márùn-ún ni Bàbá bi oníbúrẹ́dì. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ oògùn ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi kò tíì bi Bàbá ní ẹyọ kan àfi èyí tó fẹ́ fi mú un. Nọ́ọ̀sì kò bi í. Èmi náà, kókó mẹ́sàn-án ni mo kọ, kò sí àmì ìbéèrè kankan nínú rẹ̀.

"Bàbá."

"Mm."

"Nígbà tí ẹ ṣì ń kán oògùn yẹn, ojú wo ló ń ta yín?"

Ó gbé ẹ̀mú kalẹ̀. "Ojú wo báwo?"

"Ṣé méjèèjì ni, àbí ọ̀kan?"

"Ọ̀tún," ó ní.

"Òsì ńkọ́?"

"Òsì ò ṣe nǹkan kan."

"Ibo lẹ ti máa ń kán an, ilé àbí ibí?"

"Ibí ni. Wọ́n ní àárọ̀, bí mo bá sì ti jókòó síbí ni àárọ̀ mi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ awò ni mò ń gbé e sí kí n má bàa gbàgbé."

"Bí ẹ bá ti kán an tán, kí lẹ máa ń ṣe tẹ̀ lé e?"

Ó wo awò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ń gun àtẹ̀gùn lókè wa, gbì, gbì, gbì. Bàbá dúró títí ẹsẹ̀ náà fi kọjá.

"Mo máa ń há awò sójú," ó rọra wí.

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin opó kan gbé aago ọkọ rẹ̀ wá. Bàbá kán oògùn, ó há awò mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú ọ̀tún ta á, ó sì ṣú. Nọ́ọ̀tì kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ fò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi orúnkún rìn lórí ilẹ̀ fún wákàtí méjì, kò rí i. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sọ nọ́ọ̀tì oníbàárà nù rí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni télọ̀ gbé fóònù dé.

"Ẹ̀yin ń sọ fún mi pé irọ́ ni," ó ní. "Ọkùnrin orí fóònù yẹn nìkan ló bi mí bóyá ó ń ta mí."

Mo ní, "Ṣé awò ló há oògùn mọ́ yín lójú, Bàbá?"

"Ó dà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán an nìyẹn?"

"Rárá o."

Ẹ dárí jì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá tábìlì.

"Ohun tó ń ta mí la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀," ó ní. "A ò tíì mọ̀ bóyá ó ń yọ́ ojú tàbí kò yọ́ ọ. Ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún, ọ̀tọ̀ ni tibí."

"Kí ló lè jẹ́ kí ẹ mọ̀?"

Kò tíì sí ẹni tó bi í ní èyí náà. Ó wo Ilé Ẹjọ́. Ó ní òun á lọ kí wọ́n tún ojú òun wọ̀n, kí òun fi í wé ti orí káàdì: èyí tó wà kí oògùn tó dé, èyí tó wà nígbà tí òun ń kán an, àti ti ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wàásù fún òun. Ìyá mi ní òun á bá wa lọ, òun kò sì ní sọ̀rọ̀. Ó fi súìtì líle kan sẹ́nu kó má bàa gbàgbé.

Ní ilé ìwòsàn, Bàbá gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ojú. Iná aláwọ̀ búlúù tàn sí ojú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà náà, ó sì wo káàdì.

"Ọgbọ̀n! Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fọ́jú ni? Àwọn èèyàn bíi tiyín ló máa ń..."

Bàbá ti dìde. Ó ti mú fìlà rẹ̀. Ìyá mi wò mí, súìtì wú u lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," mo ní, "Bàbá ní ìbéèrè."

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo Bàbá. Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó. "Ẹ bi mí, sà."

"Ẹ̀rọ yín yìí," Bàbá ní, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ta ló ń dán òun náà wò?"

Mo rò pé inú á bí nọ́ọ̀sì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ọ̀pá irin kúkúrú kan jáde tí wọ́n fín ilà sí lára. Ó ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí aláìsàn kankan tó wọlé, àwọn á kan ọ̀pá náà mọ́ ẹ̀rọ. Bí nọ́ńbà ẹ̀rọ kò bá bá ilà ara ọ̀pá náà mu, wọn ò ní lò ó lọ́jọ́ náà.

"Ọjọ́ Ajé?" ni Bàbá wí.

"Ọjọ́ Ajé, sà."

Bàbá yọ awò rẹ̀ nínú àpò, ó há a sójú, ó yí ọ̀pá irin náà sọ́tùn-ún sósì. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn wa kanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ó gbé fìlà rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó. Ìbéèrè mẹ́wàá mìíràn ló bi nọ́ọ̀sì, mo kà á. Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ awò, nọ́ọ̀sì bo ẹnu rẹ̀. Ó lọ bi dókítà, ó padà wá sọ pé Bàbá lè máa kán an nírọ̀lẹ́ tó bá ti palẹ̀ iṣẹ́ mọ́, kó pa ojú dé, kó fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì. Ó ní, "Ó yẹ kí n ti bi yín ní irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó jókòó síwájú ẹ̀rọ kejì, kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti rí iná kékeré. Ojú ọ̀tún dára. Nígbà tó kan ti òsì, iná ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń rí i láti ibi tí mo dúró sí, Bàbá kò sì tẹ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì rọra sọ ọ́: èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣeé dì mú.

"Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi kán an," ni Bàbá wí.

Ìyá mi fi eyín fọ́ súìtì ẹnu rẹ̀, ó dún kàù.

Nígbà tí télọ̀ gbọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Aláago, wọ́n ti fọ̀rọ̀ dídùn mú ẹ nìyẹn."

"Lọ pe dókítà rẹ wá," Bàbá ní, "kó wá so ara rẹ̀ kọ́ sí ìṣó yìí. Ọjọ́ méje péré."

Òun fúnra rẹ̀ so ìgò oògùn náà kọ́. Ó fi okùn dì í lọ́rùn, ó sì gbé e kọ́ sí Ilé Ẹjọ́, láàárín aago oníbúrẹ́dì àti ti opó tí nọ́ọ̀tì tuntun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń kán an, ó ń fi ojú kan wo Adájọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà kan sábẹ́ ìṣó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà rẹ̀ bọ́ sí méjìdínlógún.

"Ó ti gba ìdáǹdè nìyẹn, àbí?" ni ìyá mi bi í. "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ sọ ìgò oògùn náà kalẹ̀ lára ìṣó."

"Ẹjọ́ ṣì ń lọ."

"Ṣé ẹ ò gbà gbọ́ síbẹ̀ ni?"

"Mo ń kán an, àbí mi ò kán an?"

Ìyá mi wo òkè àjà, ó ní kí Ọlọ́run gba òun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Mi ò rẹ́rìn-ín, torí ó ń bí èmi náà nínú. Ilà ṣọ́ọ̀kì náà ti kún ògiri dé ìsàlẹ̀ báyìí, ẹjọ́ ṣì ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, télọ̀ tún gbé ohùn mìíràn wá nípa omi gbígbóná àti ìrora ẹ̀yìn. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mí kanlẹ̀, mo ti ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì bi í pé níbo gan-an ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé tíì sí apá òsì rẹ̀ lórí tábìlì, tó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a dà nù, tó ń wò ó bí ẹni pé inú ilẹ̀ ló ti sun jáde. Mo nu tábìlì náà. Ọ̀tún ni mo ń gbé e sí báyìí.